Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Ìlà Funfun

Èmi ò mọ ẹni tó rán òyìnbó rélùwéè yẹn sí wa. Nílùú tiẹ̀, bọ́ọ̀lù wọn rí bí ìbẹ́pẹ, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbá a. Ní Minna, kí òmìnira tó dé, ó kó àwa òṣìṣẹ́ jọ sí pápá kan nítòsí Tudun Wada, ó ní mẹ́tàlá-mẹ́tàlá la ó máa ṣe é. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń já ní téṣàn jẹ́jẹ́ mi.

Ó kó àwọn géńdé tó ń ru ẹrù síwájú kí wọ́n máa fi èjìká jà. Àwa tá a yára lẹ́sẹ̀ ló kó sẹ́yìn wọn. Ọ̀kan kúkurú láàrin wa ló ń yọ bọ́ọ̀lù lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn géńdé. Á sọ ọ́ sí ẹnìkejì, tí iṣẹ́ tiẹ̀ jẹ́ láti ronú ibi tá a máa gbà. Ìyẹn á sọ ọ́ sí àwọn tó wà láàárín, tí wọ́n ń fi àyà lànà. Wọ́n á wá sọ ọ́ sí èmi tí mo wà létí pápá, kí n máa sáré lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá dúró sẹ́yìn pátápátá, ó ń ṣọ́lé: ẹni tó bá já gbogbo wa sílẹ̀, òun ni kó gbé e ṣubú. Iwájú là ń lọ o, ẹ̀yìn nìkan la sì gbọ́dọ̀ sọ bọ́ọ̀lù sí. Tó o bá dé ìlà funfun ní ìparí pápá, o tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó di góòlù.

Bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ni olórí àwọn káfíńtà rélùwéè, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Onítẹ̀bọmi paraku. Minna ni wọ́n bí èmi sí, Hausa ló yá mi lẹ́nu jù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, mo nawọ́ sókè, mo ní, “Sannu, Baba.” Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó kọjá lọ, ó wá ránṣẹ́ sílé wa pé òun ò ní ọmọ tí òun máa fún ẹni tí àyà rẹ̀ ò mọ ilẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ lọ, ẹ̀bẹ̀ bọ̀. Ó wá ní ó dáa, níbikíbi tí mo bá ti rí òun, kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọjọ́ tí mo bá kọjá láìkí òun, kí n gbàgbé ọmọ òun. Bí mo ṣe di ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ kiri Minna nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ ọjà. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ìyá mi fọ aṣọ títí ó fi ń bínú sí mi.

Nígbà tó wá di pé àwa ará téṣàn fẹ́ bá àwọn káfíńtà díje, ta ni mo rí lẹ́yìn pátápátá lọ́dọ̀ wọn? Bàbá ni, tòun ti fìlà. Wọ́n ní àgbà ò lè dúró níwájú ọmọdé, ẹ̀yìn ló yẹ ẹ́. Eré ti gbóná kó tó dé, mi ò sì tíì kí i.

A jẹ ọ̀mì títí eré fi fẹ́ parí. Kúkurú yọ bọ́ọ̀lù, onírònú gbà á, àwọn àárín lànà, ó kàn mí. Mo sáré, mo já gbogbo wọn sílẹ̀, ó wá ku Bàbá nìkan, ó dúró lẹ́yìn ìlà funfun, ó na apá méjèèjì. Tí mo bá yà fún un, mo kọjá láìkí i, ìyàwó lọ. Tí mo bá kọlù ú, ìyàwó lọ. Tí mo bá dúró, àwọn ẹgbẹ́ mi á pa mí. Àyà mi ló mọ ohun tó ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, bọ́ọ̀lù lábẹ́ àyà mi, mo ní ẹ káàsán, sà.

Òyìnbó fọn fèrè, ó ní góòlù ni. Mo wolẹ̀, ìlà funfun ló wà lábẹ́ mi.

Ariwo sọ. Àwọn káfíńtà ní ìkíni kì í ṣe góòlù. Bàbá gbọ́wọ́ sókè, ó bi mí pé:

“Èmi lo dọ̀bálẹ̀ fún ni, àbí ìlà yìí?”

Gbogbo ará téṣàn ń wò mí, wọ́n ń mi orí fún mi pé kí n sọ pé ìlà ni. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

“Ẹ̀yin ni, sà. Bọ́ọ̀lù kàn wà lọ́wọ́ mi ni.”

Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀.

“Ẹ ka góòlù yẹn fún wọn. Àna mi kì í purọ́.”

Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fà mí pé kí n dìde. Mi ò lè dìde, Bàbá ò tíì ní kí n dìde.