Ìdíátù Ẹlẹ́bẹ̀ àti Ẹja Ìsàlẹ̀ Omi

Bí o bá ṣẹ ènìyàn ní òpópónà wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó nígbà náà, ọ̀dọ̀ Ìdíátù ni o máa kọ́kọ́ yà. Onídìrí ni, iwájú ilé wa ló máa ń jókòó sí tí yóò máa dirun fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ gan-an ni àdúgbò mọ̀ ọ́n mọ́. Ọkọ tó lé ìyàwó jáde, ọmọ iṣẹ́ tó fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ aláṣọ, ayálégbé tó bú onílé, gbogbo wọn ló ń wá a wá. Yóò fi gèlè gbá ìdí, yóò ṣíwájú wọn lọ, yóò sì kúnlẹ̀ kí ẹni tó ṣẹ̀ gan-an tó kúnlẹ̀. Kò ní dìde títí ẹni tó ń bínú yóò fi rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní torí ìyẹn bo ohun tó ṣe.

Túbọ̀sún, akọ̀wé rélùwéè, ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Nígbà tí owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ jáde, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra ẹ̀rọ orin, àpótí gíláàsì ni òun lọ rà. Ó pọn omi sí i, ó sì kó ẹja sínú rẹ̀. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wa. Ta ló ń sin ẹja tí kò ní jẹ? Àwọn kéékèèké ń lúwẹ̀ẹ́ lókè, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nísàlẹ̀, dúdú, onírùngbọ̀n, tí kì í kúrò lórí iyanrìn. Hilda, ọmọ kan ṣoṣo tí Túbọ̀sún bí, ló gbà á lọ́wọ́ àwọn apẹja Ìwáyà kí ó tó lọ sílé ọkọ ní Kàdúná. Bàbá Ìsàlẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Bí Túbọ̀sún bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí ó tó bọ́ bàtà, yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Ewébẹ̀ tútù ni Bàbá Ìsàlẹ̀ fẹ́ràn, kì í sì gòkè wá jẹun. Túbọ̀sún yóò la ilá sí méjì, yóò bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná díẹ̀ kí ó lè rọ̀, yóò da omi yẹn nù. Tí ilá bá tutù, yóò so ó mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ kí ó lè rì. Ẹja yóò rọra fi irùngbọ̀n kàn án, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́ jẹ. Àwa tí à ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ náà a máa dúró wò ó.

Nígbà tí Hilda bímọ, Túbọ̀sún gba ìsinmi, ó ń lọ kí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìdíátù ló fi ẹja sí lọ́wọ́. Ó fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe ilá náà hàn án, ni Ìdíátù bá bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá Hilda, ṣé ilá lẹ fẹ́ kọ́ mi ní sísè? Ẹ má wòrí. Ẹ bá wa kí ìyá ìkókó.”

Ó ṣe é dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Àfi ọjọ́ tí ilá tó rà gbó, tó le bí igi. Kẹrosíìnì wọ́n, oníbàárà kan sì jókòó síta tí wọn kò tíì di irun rẹ̀ tán. Ìdíátù ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ: ó bu káún sí i. Ilá rọ̀ wọ̀ọ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, inú obìnrin náà sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ta ló sì ń da omi ilá nù? Ó fẹ́ ẹ tutù, ó sì dà á sínú àpótí tọmitọmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ti léfòó. Bàbá Ìsàlẹ̀ tí kì í gòkè náà gòkè, ó yí ikùn sókè. Ìdíátù ti ìka bọ omi, ó tọ́ ọ wò. Káún ta á ní ahọ́n. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò mọ̀.

Nígbà tí Túbọ̀sún dé, ohun tí Ìdíátù sọ kò ju pé òun jí bá wọn bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Túbọ̀sún dúró níwájú omi òfìfo. Ó wá wo ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Yẹ̀kínnì, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù, ló so wáyà rẹ̀ kí bàbá tó rìnrìn àjò.

“Atẹ́gùn kò dé ìsàlẹ̀,” ó ní. “Yẹ̀kínnì ló pa wọ́n.”

Ìdíátù la ẹnu, ó pa á dé.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Túbọ̀sún ló dúró fún Yẹ̀kínnì lọ́dọ̀ onílé wa, kí ó lè so iná sí ilé tuntun tí onílé ń kọ́ ní Ìpọ̀nrí. Òun ni odindi ilé àkọ́kọ́ tí ọmọ náà máa so. Túbọ̀sún lọ gba ọ̀rọ̀ tó sọ padà. Ó ní ẹni tí kò lè so wáyà ẹja, ṣé ilé ènìyàn ni yóò so? Onílé gbà pẹ̀lú rẹ̀, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

Yẹ̀kínnì tú ẹ̀rọ yẹn palẹ̀, ó tò ó padà, ó tún un tú. Níkẹyìn, ó wá bá Ìdíátù.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ bàbá. N kò rí fọ́ọ̀tì kankan lára ẹ̀rọ yẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní èmi ni, ó lè jẹ́ èmi náà ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún obìnrin náà lọ́kàn. Kò lè kọ̀, nítorí kò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó gbá gèlè mọ́ ìdí, ó ṣíwájú. Nígbà tó kúnlẹ̀, “Ẹ jọ̀ọ́, sà” nìkan ló ń tún sọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Yẹ̀kínnì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì.

“Ìdíátù,” ni Túbọ̀sún wí, “ìwọ tó bá mi tọ́jú ẹja lo tún wá ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó pa wọ́n. Ọkàn rẹ mọ́. Mo ti dárí jì í nítorí tìẹ.”

Iṣẹ́ padà sọ́wọ́ Yẹ̀kínnì. Ó gbé àkùkọ kan wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìdíátù. A rò pé Ìdíátù ń sìn ín de Iléyá ni. Kò lè pa á, kò sì lè tà á. Bí àkùkọ bá kọ, ìlà irun tó ń là á dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, a sì ń bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Nígbà tó yá, Túbọ̀sún gba ẹja onírùngbọ̀n mìíràn ní Ìwáyà. Ó gbé abọ́ ilá wá bá Ìdíátù níbi tó ti ń dirun.

“Bá mi sè é. Ọwọ́ rẹ mọ́ ọn ṣe jù mí lọ. Ó dà bíi pé èyí ti gbó, kí lo ń fi sí i tó bá gbó?”

Ìdíátù wo abọ́ náà. Ó wo bàbá.

“Káún ni, Bàbá Hilda. Káún ni mo fi sí i nígbà yẹn. Mo sì da omi rẹ̀ lé wọn lórí.”

Túbọ̀sún rọra gbé abọ́ sílẹ̀.

“Ọmọ yẹn dọ̀bálẹ̀ níwájú mi,” ó ní. “Ìwọ lo mú un wá dọ̀bálẹ̀.”

Ìdíátù kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun lọ bẹ Yẹ̀kínnì. Túbọ̀sún kọ̀. “Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé,” ó ní. “Èyí tí kò ṣẹ̀ ni èmi gé. Ẹ̀bẹ̀ tèmi wà lọ́tọ̀. Máa lọ bẹ tìẹ.” Obìnrin náà yà sọ́dọ̀ mi pé kí n sin òun lọ. Inú ń bí mi, mo ní kí ó máa lọ. Ó tú àkùkọ yẹn lókùn, ó gbé e há abíyá, ó sì dá nìkan lọ sí Ìpọ̀nrí.

Orí àkàbà ló bá Yẹ̀kínnì, wáyà wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ náà yára sọ̀ kalẹ̀, inú rẹ̀ dùn láti rí i. Ó wo ẹ̀yìn Ìdíátù, ó wo ẹnu ọ̀nà, kò rí ẹlòmíràn.

“Àǹtí, ẹ káàbọ̀,” ó ní. “Ta ló ṣẹ̀ mí? Ẹ ní kí ó máa wọlé bọ̀, mo ti dárí jì í nítorí tiyín.”