Ẹrù Ẹlẹ́rù Lórí Òkè Milliken

Àwòrán yíyà ni sinimá náà, àwòrán tó ń sáré, tó ń ṣubú, tó tún ń dìde. Pẹ́pẹ́yẹ kan kó ìyàwó àti ọmọ sínú mọ́tò, wọ́n ń lọ gba ìsinmi létí òkun. Wọ́n di ẹrù lé mọ́tò títí ó fi dá sí méjì. Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ ń wa ìdajì iwájú lọ, ó ń kọrin, kò mọ̀ pé ìyàwó àti ọmọ ti wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún nínú ìdajì kejì. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi tọ̀ sára.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Enugu la ti wò ó, lọ́dún 1966, kí ogun tó dé. Bàbá wa, tí iṣẹ́ ìjọba gbé wá síbẹ̀, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bá pẹ́pẹ́yẹ jà títí a fi délé. "Ta ni orí ẹ̀ pé tó máa kó odidi ilé lọ sí ìsinmi?"

Àwa náà fẹ́ rìnrìn àjò. Ìyá Mọ́mì ní Ọ̀yọ́ ti ránṣẹ́ pé ojú àwọn ti ń ṣe bàìbàì, kí wọ́n tètè gbé àbúrò wa jòjòló wá kí àwọn rí i kí ojú tó fọ́. Láti ìgbà náà ni Mọ́mì kò ti ní ìsinmi ọkàn.

Ṣùgbọ́n lójú àwa Yorùbá tó wà ní Enugu nígbà náà, ẹni tó bá ń relé, gbogbo wa ló ń bá relé. Oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ gbé àpò ìrẹsì wá fún ìyá rẹ̀. Télọ̀ ará Ìlọrin di ẹrù aṣọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kó iṣu dé, alàgbà kan sì fa òbúkọ wá. Bàbá wa kò mọ bí wọ́n ti í sọ pé rárá. "Àyè ṣì wà," ni wọ́n ń wí. Àyè wo? Orí itan mi ni òbúkọ jókòó sí!

"Daddy, na duck motor be dis o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Wọ́n ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé.

Òkè Milliken, níbi tí ọ̀nà ti ń gùn kọ́lọkọ̀lọ jáde ní Enugu, ni mọ́tò wa ti húkọ́, ó rú èéfín, ó dúró. Okùn já. Iṣu ń yí gbirigbiri padà sí Enugu. Òbúkọ fò jáde, bàbá wa gbá tẹ̀lé e tàwọn ti kóòtù àti táì. Àwa ọmọ ń pariwo, "Duck! Duck!" Mọ́mì pàápàá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Lójijì ni wọ́n kọjú sí bàbá wa.

"Dádì, ojú ìyá mi ń lọ. Ṣé ìrẹsì ni mo fẹ́ gbé relé ni, àbí ọmọ?"

Lọ́rì kan tó ń lọ sí Ìbàdàn dúró. Dẹ́rẹ́bà ní, "Madam, I fit carry una. Load no go enter."

Bàbá wa wo ẹrù, wọ́n wo àwa náà. "Ẹrù ẹlẹ́rù ni. Tó bá sọnù, ojú wo ni mo máa fi wo àwọn èèyàn? Ẹ máa lọ." Bí a ṣe fi wọ́n sílẹ̀ nìyẹn, lórí àpò ìrẹsì, pẹ̀lú okùn òbúkọ lọ́wọ́, wọ́n ń juwọ́ sí wa. Ó dùn mí, ẹ̀rín sì ń pa mí.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a dé Ọ̀yọ́, Ìyá àgbà ń fọwọ́ wá ọ̀nà kiri lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ọkọ rẹ dà?"

"Ó ń ṣọ́ ẹrù lórí òkè, Ìyá."

Nígbà tí Mọ́mì rò ó tán, Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé ọmọlúàbí ni mo fọ́mọ fún. N ò mọ̀ pé ó le tó báyìí!"

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbé ọmọ jáde sínú oòrùn, wọ́n sún un mọ́ ojú wọn pẹ́kípẹ́kí. Wọ́n yí ojú ọmọ sápá ọ̀tún, wọ́n yí i sápá òsì.

"Ẹ wá wo imú," ni wọ́n wí. "Imú ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù gan-an nìyí."

Mọ́mì bú sẹ́kún.