Táyà Mẹ́fà tí Kúbúrá Rà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí Kúbúrá ti gbówọ́ tó nínú ọjà níná, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn olóbì Agége. Obìnrin náà lè jókòó ti apẹ̀rẹ̀ kan láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ̀ lórí, kó má mu omi, kó má bínú, títí ẹni tó ń bá a ná an yóò fi rọra sọ pé, "Ó dáa, Ìyá, ẹ máa gbé e." Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Agége. Ọkọ náà kú, ó fi obì gbàǹja díẹ̀ àti ọmọkùnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un. Nùréènì ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Kúbúrá tọ́jú méjèèjì, obì àti ọmọ, kò sì jẹ́ kí èyíkéyìí bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Kì í fi ìrun ṣeré. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn rẹ̀ tó mọ̀ dájú, inú apẹ̀rẹ̀ obì sì ni ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún wà.

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwò, obì oko bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Olúgbénró ló máa ń kó ránṣẹ́ sí Kánò. Obì náà tóbi, kòkòrò kì í sì í tètè dé inú rẹ̀. Kí àwọn alágbàtà òkè Ọya lè dá a mọ̀, Kúbúrá a máa so àkísà pupa mọ́ etí apẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń béèrè alákìísà pupa, tí wọ́n sì ń san owó lé e. Nígbà tó yá, Bàbá Olúgbénró kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta oko fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, igi obì di igi ìdáná. Àkísà pupa nìkan ni kò kú. Lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó bá ṣáà ti rí ni Kúbúrá ń ra obì báyìí. Bó bá kó o délé, yóò pín in sí méjì ọgbọọgba, yóò so àkísà mọ́ ìdajì, yóò sì fi ìdajì yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko, kò sí ará Kánò kan tó ránṣẹ́ pé òun mọ ìyàtọ̀. Bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, Kúbúrá yóò tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ yìí tomijé-tomijé. Bí wọ́n bá ti kírun ọdún tán, yóò tún máa wá aṣọ pupa tó ti gbó.

Ẹ̀kọ́ tí òwò yìí kọ́ ọ ni pé orúkọ làwọn èèyàn ń rà, kì í ṣe ọjà. Ẹ̀kọ́ náà sì wọ̀ ọ́ lára.

Ní ọdún 1955, ó ra ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù kan fún Nùréènì, kí obì yé dúró de réluwè. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà le koko, àmọ́ gbogbo táyà rẹ̀ ló ti pá bí orí arúgbó. Ìyá àti ọmọ bá lọ sí Ìkẹjà, sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ojú irin, níbi tí akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ọláwọlé ti ń ta táyà. Oríṣi méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan ní àwòrán erin lára, Elérin làwọn awakọ̀ ń pè é, pọ́ùn mẹ́rìnlá ni ẹyọ kan. Èkejì ní àwòrán ẹyẹ, Ẹlẹ́yẹ ni, pọ́ùn mẹ́jọ.

Kúbúrá fi ọwọ́ pa Elérin lára, ó pa Ẹlẹ́yẹ náà lára. Ó gbóòórùn méjèèjì.

"Kí ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀?"

"Màmá, Elérin le jù," ni Ọláwọlé wí. "Wọ́n ní aṣọ tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀ nípọn ju ti èkejì lọ."

"Wọ́n ní. Ìwọ ti la inú rẹ̀ wò rí?"

"Rárá, mà."

"Àwòrán erin yìí, ṣé erin ló rọ táyà náà ni?"

Ọláwọlé rẹ́rìn-ín. Nùréènì kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra fà sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ ká ra Elérin méjì sí iwájú. Iwájú ló ń darí ọkọ̀. Kí ẹ̀yìn máa lo Ẹlẹ́yẹ."

"Kí ọkọ̀ kan ṣoṣo wọ bàtà Òyìnbó sí ẹsẹ̀ méjì, kó wọ sálúbàtà sí mẹ́rin? Ta ló ṣe é rí?"

"Àwọn awakọ̀ ń ṣe é, mà."

"Àwọn awakọ̀ kò ta obì rí. Nùréènì, orúkọ lo fẹ́ rà yìí. Èmi tí mò ń ta orúkọ fún àwọn èèyàn láti ọdún yìí wá, ìwọ lo fẹ́ tà á fún mi?"

 Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Nùréènì, ó ti níyàwó, ṣùgbọ́n kò já ìyá rẹ̀ lẹ́nu rí láyé. Wọ́n gbé Ẹlẹ́yẹ mẹ́fà. Kúbúrá tún ná an títí Ọláwọlé fi fi rọ́bà inú kan ṣe èènì fún un.

Ká sọ tòótọ́, Ẹlẹ́yẹ ṣiṣẹ́. Oṣù márùn-ún ni ọkọ̀ fi ń lọ sí Ìlọrin tó ń bọ̀, kò jò, kò bẹ́. Bí Nùréènì bá ti dé, Kúbúrá yóò jáde síta, yóò fi ẹsẹ̀ ta táyà, yóò ní, "O kú iṣẹ́ o, Ẹlẹ́yẹ. Kí erin lọ sùn nínú igbó." Bí kò ti sí ìjàǹbá, ó ń fi apẹ̀rẹ̀ kún ẹrù. Lóṣù kìíní, apẹ̀rẹ̀ márùn-ún lé. Lóṣù kẹta, mẹ́wàá. Nùréènì a dúró, a máa wo bí ọkọ̀ ṣe ń rì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì gun orí ìjókòó.

Ẹ̀ẹ̀rùn mú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Oòrùn ń yọ́ ọ̀dà ojú títì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Kúbúrá jókòó sórí ẹní ó ń ṣa obì, nígbà tí Dàwódù wọlé. Awakọ̀ bíi ti Nùréènì ni Dàwódù, àwọn méjèèjì ló máa ń tẹ̀ lé ara wọn lọ sí òkè Ọya. Ó ti bọ́ fìlà rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ kú ìjókòó."

"Dàwódù, ẹ ti dé nìyẹn? Ẹnì kejì rẹ dà?"

"Ẹ jẹ́ kí n mu omi ná, Ìyá."

Kúbúrá wo ojú rẹ̀. Ó wo eruku ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé táyà ni?"

 Dàwódù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ti iwájú, lápá ọ̀tún, Ìyá. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo wà. Ó dún, ọkọ̀ yà kúrò lójú títì, ó lọ forí sọ igi."

"Níbo?"

"Ó ku máìlì mẹ́fà péré ká wọ Ògbómọ̀ṣọ́."

Ìgbà yẹn ni Kúbúrá tó wá béèrè pé, "Nùréènì ńkọ́?" Dàwódù sì fi fìlà bo ojú.

Ohun tó dun Kúbúrá títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Òun tó jẹ́ ìyá, táyà ló kọ́kọ́ béèrè.

Òkú Mùsùlùmí kì í dúró de èrò ọ̀nà. Nígbà tí Kúbúrá yóò fi dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ kejì, àwọn ará ilé ti sin ọmọ náà sẹ́yìn ilé baba Kúbúrá, iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n ní ojú rẹ̀ mọ́ kedere, bí ẹni tó sùn. Kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí wọ́n kàn fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kò sí bí yóò ṣe mọ̀ ọ́n mọ́.

Níbi fidáù, ààfáà wàásù pé ọjọ́ tí Ọlọ́run bá kọ fún ẹ̀dá kò lè yẹ̀, bí a gun ọkọ̀, bí a jókòó sílé. Kúbúrá ní àmín. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Àmọ́ ó rántí pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń ná táyà, ọ̀rọ̀ òun nìkan ló borí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Nígbà tí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá opó pé, Fàúsát, ìyàwó Nùréènì, di ẹrù rẹ̀, ó fẹ́ padà sílé bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dágbére. Kò dìde.

"Màámi, ọ̀rọ̀ kan wà. Ní gbogbo ìlú tó bá dé ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ fọwọ́ kan táyà. Ó ní ó máa ń gbóná bí ìkòkò orí iná. Ó ní kí n má sọ fún yín."

"Kí ló dé?"

"Ó ní ẹ óò ní ojo lòun."

Kúbúrá ní kó dìde, kó máa lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Nígbà tó lọ tán, ó jókòó sórí ẹní láàárín obì, kò ṣa ẹyọ kan títí wọ́n fi pe ìrun.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí Ìkẹjà. Ọláwọlé ti gbọ́. Ó sáré gbé àga fún un, ó ń kí i kú ìrọ́jú, ojú rẹ̀ kò dúró sójú kan.

"Ọláwọlé, mi ò bá ìjà wá. Ìdáhùn kan ni mo fẹ́. Ká ní Elérin ni mo rà, ṣé ọmọ mi ò bá kú?"

"Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Dá mi lóhùn."

"Màmá, ẹ wò ó. Lóṣù tó kọjá, Elérin tuntun bẹ́ mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́ lọ́nà Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kan ń kó iyanrìn ní Orégùn, ó ti lo Ẹlẹ́yẹ ọdún kẹta. Kì í ṣe táyà nìkan. Ẹrù wà níbẹ̀, oòrùn wà níbẹ̀, eré wà níbẹ̀."

"Ẹrù mi wúwo."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Èmi ni mo sọ ọ́. Elérin ńkọ́, lábẹ́ ẹrù yẹn, lábẹ́ oòrùn yẹn?"

Ọláwọlé fi ìka fa ìlà sínú eruku orí tábìlì.  "Elérin máa ń fara da ooru díẹ̀ sí i, mà. Ó ṣeé ṣe kó dé Ògbómọ̀ṣọ́."

Ó ṣeé ṣe. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Kúbúrá ì bá gbé ẹ̀bi rẹ̀ rù, kó mọ bó ṣe wúwo tó. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ì bá gbé e sọ̀ fún kádàrá, kó sùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni akọ̀wé náà fún un, òun ló sì gbé relé, òun ló bá jí, òun ló bá sùn.

Bó ti délé, ó tú gbogbo àkísà pupa tó wà nílẹ̀, ó jù wọ́n síná. Ó fi gbogbo obì rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kánò ní orúkọ kan, iye kan. Oṣù méjì kò pé tí lẹ́tà fi dé láti ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà: obì Ìyá Agége kò dára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó ti ń korò, kí ló ṣẹlẹ̀ sí oko rẹ̀? Kúbúrá ní kí wọ́n ka lẹ́tà náà fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Obì kan náà ni. Ó wá rí i pé kò sírọ́ nínú ohun tóun mọ̀ nípa obì. Òótọ́ ni, orúkọ ni wọ́n ń rà. Òun ló lọ fi ojú obì wo ohun tí èèyàn ń gùn. Ẹni tí obì ba ẹnu rẹ̀ jẹ́ yóò tu ú dànù, yóò fi omi yọ ẹnu.

Ọkọ̀ ṣì wà. Wọ́n ti fà á wá sí Agége, wọ́n ti tún iwájú rẹ̀ rọ, wọ́n fi ògbólógbòó táyà kan dí ẹsẹ̀ tó bẹ́. Ẹlẹ́yẹ márùn-ún tó kù wà lábẹ́ rẹ̀, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ọ̀yọ́, Àbúdù, wá rà á. Ó yá owó lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Kúbúrá kò ná ọjà.

"Iye tí o dá yìí pọ̀ jù," ló sọ. "Yọ iye Elérin méjì kúrò. Lọ rà wọ́n lónìí, fi wọ́n sí iwájú. Má kó ẹrù lórí ìwọ̀nyí."

Àbúdù rò pé ó ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mo búra fún yín, Ìyá. Ìkẹjà ni mo kọrí sí báyìí."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Kúbúrá ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀ nígbà tó rí ọkọ̀ náà lẹ́bàá títì, ẹrù kún un dé ọ̀run. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ yẹ́lò. Wọ́n kọ TÈMI YÉ ỌLỌ́RUN gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, wọ́n ya òdòdó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí ọkọ̀ tó ń dán tó o ní gbogbo Agége. Kúbúrá bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ẹyẹ ló wà níwájú lápá òsì. Ní apá ọ̀tún, ògbólógbòó ọjọ́sí ni.

"Àbúdù, táyà tí a jọ sọ ńkọ́?"

"Ìyá, ẹ kú ọdún Jímọ̀ o. Ẹ ò rí i bó ṣe rẹwà? Ọkọ̀ tí kò bá lẹ́wà, ta ni yóò gbẹ́rù fún un? Bí mo bá ti Ìlọrin dé báyìí, táyà ni n óò kọ́kọ́ rà."

"Ọmọ mi ló kú sínú rẹ̀."

"Mo gbọ́, Ìyá. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un." Ó ti fẹsẹ̀ kan lé ọkọ̀. "Ẹ ṣáà máa fàdúrà tì wá lẹ́yìn."

Kúbúrá di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Àbúdù rọra tú ọwọ́ rẹ̀ níka-níka, tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀, bí ẹni ń gba ẹyin lọ́wọ́ ọmọdé. Ó ṣáná sí ọkọ̀. Ọkọ̀ rọra rì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ ojú títì, ó kọjú sí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Kúbúrá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó ya ẹnu láti ṣe àdúrà tí Àbúdù bẹ̀ ẹ́ fún, ó sì wá kòkó ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ títí eruku fi rọlẹ̀. Kò rí i.