Ọ̀sẹ̀ Ọyẹ́ Tí Mo Bá Àna Mi Lọ Sígbó Ọdẹ

Télọ̀ ni mí, Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìrìn mi tó jìn jù kò ju kí n gun òkè Mápó lọ ra òwú àti bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá ìyàwó mi, tí wọ́n jẹ́ ọdẹ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, ní àwọn ń lọ dẹ ìgbẹ́ lásìkò ọyẹ́, n kò mọ ìgbà tí ẹnu mi sọ pé, “Bàbá, mo máa tẹ̀ lé yín.”

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ọkọ ọmọ mi, òtútù oko kì í ṣe ti ìgboro o.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti ra àgọ́ kan lọ́wọ́ alókìrìkà ní Ọjà'ba, irú èyí tí òyìnbó fi ń sùn nínú igbó. Ẹni tó tà á fún mi ní yìnyín pàápàá ò lè ràn án. Mo gbà á gbọ́, bí ẹni pé òun náà ti sùn lórí yìnyín rí. Ìyàwó mi ní kí n mú kúbùsù dání. Mo bi í bóyá arúgbó ló fẹ́.

Nígbà tí a dé oko, Bàbá mú ibi tó ga, lẹ́yìn àpáta tó gba afẹ́fẹ́ dúró. Wọ́n dáná, wọ́n kó koríko gbígbẹ jọ kó nípọn, wọ́n tẹ́ ẹní lé e. Èmi ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò, nítorí iyanrìn ibẹ̀ rọ̀. Mo pàgọ́ mi, mo wọ súwẹ́tà méjì lórí ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, mo sì fa síìpù àgọ́ dé òkè kí ooru má baà jáde.

Ooru wo? Òtútù gba inú iyanrìn wọ ẹ̀yìn mi, ó yọ sí àyà. Èémí mi di omi lára àgọ́, ó ń kán sí mi lójú. Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo gòkè lọ síbi iná, mo ní mo kàn wá wò bóyá Bàbá ti sùn ni.

“Mo ti ń gbọ́ eyín ẹ tó ń gbá ara wọn,” ni wọ́n wí. “Àwọn ẹran náà ti gbọ́.”

Mo ní kí n bu ẹyín iná díẹ̀ lọ sínú àgọ́. Bàbá dìde jókòó.

“Nínú ibi tó o sé pa? Ṣé o fẹ́ sọ ọmọ mi di opó ni? Òtútù ilẹ̀ ló ń mú ẹ. O kó gbogbo aṣọ wọ̀, o wá fẹ̀yìn lélẹ̀ lásán.”

Wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ tó ti tutù, wọ́n sì fún mi ní ògbólógbòó ìró ìyá ìyàwó mi tí wọ́n fi di ẹrù. Wọ́n wa òkúta gbígbóná kan létí iná, wọ́n fi àkísà wé e, wọ́n ní kí n gbé e síkùn. Mo ká jọ lórí koríko bí adìẹ tó ń sàba.

Oorun náà dùn jù. Oòrùn ti mú kí n tó lajú, Bàbá sì ti ń wi ọ̀yà méjì lórí iná.

“Ọdẹ,” wọ́n ní, “ẹ kú oorun o.”

Nígbà tí a padà dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀, àwọn ará ilé bèèrè ẹni tó pa ẹran.

Bàbá ní, “Àwa méjèèjì ni.”

Ó yẹ kí n sẹ́. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, mo sì sín.