Àmín Tó Wọ Inú Ìwé Ọ̀gá Mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: èmi ni mo fi àmín sínú ìwé tó sọ pé kò sí Ọlọ́run. N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ti jáde, tí pásítọ̀ ti gbé e gun orí àga ìwàásù, tí ó ń fi ìka tọ́ka sí ojú ewé náà fún gbogbo ìjọ, ta ni yóò gbà pé àṣìṣe ni?

Ọ̀gá mi ni mo ń pe òǹkọ̀wé náà, nítorí òun ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin ní Fìdítì, kí iléèwé míṣọ̀n tó lé e. Wọ́n lé e nítorí pé ó kọ̀ láti máa ṣáájú àdúrà òwúrọ̀. Ó ní òun lè kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, òun lè kọ́ wọn bí a ṣe ń gé èékánná, ṣùgbọ́n òun ò ní kọ́ wọn láti dijú bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Fìdítì gbọ́, Ìlọràá gbọ́, ó ta sí etí àwọn ará Akínmọ̀ọ́rìn nínú oko wọn. Ọ̀gá mi jókòó sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà ní gáréèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó. Gbogbo ènìyàn bú u, gbogbo ènìyàn sì rà á. Mo mọ díákónì kan tó máa ń fi ìwé ìròyìn bo tirẹ̀ kó tó kà á.

Lọ́dún tí ìjọba yí mọ́tò kúrò lápá òsì títì sí apá ọ̀tún, ojú ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ìlú ti gbààwẹ̀ kí mọ́tò má baà pa wá tán lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, mọ́tò gba ọ̀tún, ẹnikẹ́ni kò kú ní Fìdítì àfi ewúrẹ́ kan. Wọ́n ní àdúrà ló gbà. Ọ̀gá mi ní pátákó "Ẹ gba ọ̀tún" tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀bá títì ló gbà, àti pé ewúrẹ́ yẹn ni kò mọ̀wé kà. Ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ìlà inú ìwé mọ́. Ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá máa bá òun kọ ọ́.

Mo ti di tíṣà nígbà náà, ní iléèwé tó lé e yẹn gan-an. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi. Mo gba Ọlọ́run gbọ́ nígbà náà, mo sì gbà á gbọ́ títí di òní tí mò ń kọ èyí. Àwọn akọrin ní kí n yan ọ̀kan, bóyá orin ni tàbí ìwé aláìgbàgbọ́. Mo ní n kò ní yan nǹkan kan. Tí Ọlọ́run bá ní ẹjọ́ lórí ohun tí mò ń kọ, kó pè mí fúnra rẹ̀, ó mọ ilé mi. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kí n ṣe nǹkan, ẹ kàn ní kí n má ṣe é.

Ọ̀gá mi àti ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà. Màmá ti darúgbó, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́, ṣùgbọ́n ohùn wọn ò darúgbó rárá. Lárààárọ̀, tí wọ́n bá ti mu ẹ̀kọ gbígbóná tán, wọn á jókòó ti fèrèsé yàrá wọn, wọn á máa gbàdúrà fún ọmọ wọn. Ọmọ náà rèé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ fèrèsé kan náà, ó ń pe ìwé fún mi kọ. Lápá kan, ọ̀gá mi ń sọ fún mi pé kò sí etí kankan lókè tó ń gbọ́ wa. Lápá kejì, màmá ń sọ fún etí náà pé kó bá wọn wo ẹsẹ̀ ọmọ wọn tó ń wú.

Tí màmá bá ti dúró, ọ̀gá mi náà á dúró. Á gbójú sókè sí fèrèsé, á ní, "Àmín, Màmá." Lẹ́yìn náà á yíjú sí mi, á ní, "Níbo la dé?"

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, bíró dúró lọ́wọ́ mi.

"Kí lò ń wò?" ó bi mí.

"Mò ń wo àmín tó jáde lẹ́nu yín, sà."

Ó fi aṣọ nu awò ojú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awò náà kò wúlò fún un mọ́. Ó ní, "Ẹni tí ìyá mi ń bá sọ̀rọ̀ ò dá wọn lóhùn rí. Ṣé o fẹ́ kí obìnrin arúgbó máa dá sọ̀rọ̀ ni? Kọ ohun tí mo pè."

Mo kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ka ọ̀rọ̀ náà sí mọ́, ohun tó sì kó mi sí wàhálà nìyẹn. Ní Sátidé kan, ebi ń pa mí, oòrùn ti dé ẹsẹ̀ àga, ọ̀gá mi sì ń sáré sọ̀rọ̀ nítorí pé ibi tó dùn mọ́ ọn jù lọ nínú ìwé la dé. Ó sọ̀rọ̀, mo kọ, ó sọ̀rọ̀, mo kọ. Ojú rẹ̀ ò lè yẹ ohun tí mo kọ wò, ọ̀lẹ ò sì jẹ́ kí èmi náà yẹ̀ ẹ́ wò. Atẹ̀wé tó wà n'Ìbàdàn kì í jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ohun tó bá rí ló ń tẹ̀. Bí ìwé ṣe jáde nìyẹn, tí a rí i kà ní òpin orí kẹta pé: "Láti ìgbà tí ayé ti wà, kò sí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ àdúrà wa rí. Àmín, Màmá."

Pásítọ̀ kà á lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìjọ rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ní láti kọ orin kan kí ara tó balẹ̀. Ní gáréèjì, àwọn awakọ̀ ò kí ọ̀gá mi ní ẹ káàárọ̀ mọ́, "Àmín, Màmá" ni wọ́n fi ń kí i. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Èmi náà ò lọ bẹ̀ ẹ́, nítorí mo ní òun ló pe ọ̀rọ̀, èmi kàn kọ ọ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó ní kí wọ́n pè mí. Ó ní ẹnì kan kọ lẹ́tà láti Ìlọràá pé nínú gbogbo ìwé òun, gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló wọ ẹni náà lára. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu rẹ̀. A jọ rẹ́rìn-ín títí tí màmá fi bèèrè láti inú yàrá pé kí ló dé.

Ẹsẹ̀ tí màmá ń gbàdúrà lé lórí ò yéé wú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá mi ò lè jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Ó pè mí sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sì ní kí n tilẹ̀kùn.

"Ìwọ lo fi àmín sí ìwé mi," ó ní. "N ò fẹ́ ẹ nínú ìsìnkú mi. Kò gbọdọ̀ sí àdúrà, kò gbọdọ̀ sí àmín. O máa bá mi rí sí i."

"Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín, sà."

"Àwọn ọmọ mi á bẹ̀rù àwọn àgbà ilé. Ìwọ ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ìwà burúkú rẹ yẹn ni mo fẹ́ lò."

Mo ṣèlérí. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i níbi tí mo fi ìka rẹ̀ lé. Ó ní kí n kà á sókè fún òun kó lè dá òun lójú pé n kò tún fi nǹkan kan kún un.

Ó kú ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, mo wà ní kíláàsì, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìsọdipúpọ̀. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi, mo parí ohun tí mò ń kọ sára pátákó, mo sì lọ sí ẹ̀yìn iléèwé lọ sunkún. Ó dùn mí gan-an. N kò rí ẹni tí mo lè bá jiyàn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Pásítọ̀ ní òun ò ní sin ín. Àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n lọ bá ààfáà, ààfáà ní òun náà ò sin ín. Inú mi dùn sí èyí, mo rò pé iṣẹ́ mi ti dínkù. Mo ka ìwé tí ọ̀gá mi fọwọ́ sí fún àwọn àgbà ilé, wọ́n mi orí, wọ́n ní bó ṣe wí ni a ó ṣe, òkú ló ni ìsìnkú rẹ̀. Wọ́n gbé ètò náà fún hẹdimásítà wa. Ìgbà náà ni a tó mọ irú ẹrù tí a gbé.

Ẹ wò ó, báwo ni a ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nílẹ̀ wa láìpe Ọlọ́run? Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi wọ́dà láti ṣọ́ àwọn tó ń wọlé. Ẹni tó bá ní "Ẹ kú ará fẹ́ra kù" lọ láìséwu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kàn lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń kó wọn sí ìjàngbọ̀n. "Ọlọ́..." wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á rí ojú mi, wọ́n á gbé ìyókù mì. Obìnrin ọlọ́sàn kan la ẹnu títí, kò rí nǹkan mìíràn tó lè sọ, ó bá gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó ń bó o fún àwọn àlejò. Bàbá àgbẹ̀ kan láti Akínmọ̀ọ́rìn rò ó jinlẹ̀, ó wá ní, "Ìjọba á dáwọ́ ibi dúró." Èmi tí mo jẹ́ wọ́dà ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ ṣe. Àwọn kan lọ pọn omi kún ìkòkò màmá. Àwọn mìíràn la igi. Díákónì tó máa ń fi ìwé ìròyìn bo ìwé bọ́ agbádá rẹ̀, ó gbálẹ̀ àgbàlá. Àwọn akọrin tó ní kí n yan ọ̀kan náà wá, wọ́n sì fẹ́ kọrin, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí wọ́n mọ̀ tí kò ní Olúwa nínú. A wá fẹnu kò sí orin tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń wọ kíláàsì. Wọ́n fi ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a sì fi gbé pósí tíṣà àtijọ́ jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Omi bọ́ lójú hẹdimásítà.

Màmá ò bá wa jáde. Nílẹ̀ wa, a kì í jẹ́ kí òbí rí ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀, nítorí náà àwọn obìnrin ilé ti mú wọn padà sínú yàrá, wọ́n sì ti fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé yàrá náà ní fèrèsé kejì, sí ẹ̀yìnkùlé. Èmi náà gbàgbé. Ẹnu ọ̀nà ni mò ń ṣọ́ láti àárọ̀.

A ti gbé pósí sísàlẹ̀. Hẹdimásítà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó kọ, ó dé ibi tí ọ̀gá mi ti kọ́ ìdajì ìlú ní ìwé kíkà. Ìgbà náà ni ohùn màmá jáde láti ojú fèrèsé, kò gbọ̀n, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lárààárọ̀.

"Olúwa, ọmọ mi ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ yẹn. Ẹnu rẹ̀ le, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ń gbé omi ìwẹ̀ mi kaná kí ojú rẹ̀ tó fọ́, nígbà tí ojú sì fọ́, ó ń táràrà gbé e kaná. Má bá a jiyàn. Fún un níbi tó máa jókòó sí."

Wọ́n dúró, bí wọ́n ṣe máa ń dúró.

Hẹdimásítà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn akọrin wo ilẹ̀. Pásítọ̀ tó ní òun ò ní sin ín wà ní òdìkejì ọgbà, ó dì mọ́ igi ìbẹ́pẹ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò mí. Àwọn tó kù náà wá gbójú sókè wò mí. Wọ́n ti ṣèlérí fún mi, mo sì ti ṣèlérí fún òkú. Ìwé tó fọwọ́ sí wà nínú báàgì mi.

Màmá dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, "Ṣé kò sí ẹnì kankan níta ni?"

Mo wo pósí náà. Ẹni tó máa ń dá wọn lóhùn wà nínú rẹ̀.

Mo gbójú sókè sí fèrèsé. Mo ní, "Àmín, Màmá."

Mo yíjú sí hẹdimásítà. Mo ní, "Níbo la dé, sà?"