Mọ́tò Tó Jẹ́ Ìyálé Enelesi

Nígbà tí mọ́tò Mẹ̀sí dúdú náà dé sí ìlú Thyolo, Laston Namakhwa ò tíì gbéyàwó. Mista Kinnaird, òyìnbó tó ni oko tíì, ló rà á lókè òkun. Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Beira, rélùweè gbé e dé Limbe, Laston ló sì wà á délé. Awọ pupa ni wọ́n fi ṣe àga rẹ̀, igi tí wọ́n tẹ́ síwájú dẹ́rẹ́bà sì ń dán yinrin. Gbogbo àwọn tó ń já ewé tíì ló nàró wo mọ́tò, àyàfi ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Enelesi. Ẹni tó ń wà á ni òun ń wò ní tirẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n di tọkọtaya.

Òyìnbó yìí kì í ṣèèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó lófin kan: yàtọ̀ sí òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ẹni tó ń wà á, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fìdí kan àga mọ́tò náà. Lẹ́yìn òmìnira, ó ń padà sílùú rẹ̀, ó bá tà á fún Karimbhai, ará Íńdíà tó ń taṣọ ní Limbe. Bí ẹni ta odó tó fi ọmọ odó sí i ni, Laston bá mọ́tò lọ. Àwọn ọmọ Karimbhai jẹ súùtì lórí àga pupa yẹn títí wọ́n fi dàgbà. Nígbà tí bàbá wọn kú, wọ́n tà á fún Màmá Kachingwe, opó tó ní òtẹ́ẹ̀lì ní Blantyre. Laston tún bá a lọ. Màmá a máa fi mọ́tò náà háyà fún àwọn tó ń ṣègbéyàwó. Ìyàwó tí Laston ti gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ò lóǹkà.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò gbé rí.

Bó bá dé sílé wọn ní Bvumbwe nírọ̀lẹ́, Enelesi á ti máa retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Chifundo, ẹ káàbọ̀. Ìyálé mi ńkọ́? Ṣé ó jẹun?"

"Ó jẹun. Ó mu epo yó."

"Ó kúkú tọ́ sí i. Òun lẹ̀ ń fi òróró pa lára láràárọ̀. Èmi tí ìpara mi ti tán látoṣù tó kọjá, ta ló bi mí?"

Laston á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, á ra ìpara bọ̀.

Nígbà tí ara Màmá Kachingwe ò gbé kìràkìtà mọ́, ọkùnrin kan wá láti Johannesburg, tó ń kó mọ́tò àtijọ́ jọ. Màmá ránṣẹ́ pe Laston.

"Bàbá Chifundo, mo ti tà á o. Lọ́jọ́ Ajé ló ń bọ̀ wá gbé e. Ẹ má bínú sí mi."

"Nǹkan yín ni, Màmá. Kí ni mo fẹ́ bínú sí?" Ó wolẹ̀, ó wúkọ́ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ tọrọ nǹkan kan. Ìyàwó mi ò wọ̀ ọ́ rí."

"Enelesi? Látọjọ́ yìí? Ta ló ní kó má wọ̀ ọ́?"

Laston rò ó wò. Karimbhai ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Màmá ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ru òfin òyìnbó yẹn láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn, bí ẹni ń ru ẹrù tí ẹlẹ́rù ti gbàgbé.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí!" Màmá ju kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ẹ máa lọ jàre. Tí ilẹ̀ ò bá ṣú, n ò fẹ́ẹ́ rí yín."

Enelesi ń pa ẹ̀wà òtílí lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ìró mọ́tò. Ó dìde fùú.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n ti tà á, Ìyá Chifundo. Wá, jẹ́ n gbé ọ jáde."

Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo mọ́tò. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú aṣọ tó ń tọ́jú de Àjíǹde. Laston ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó dúró ṣánṣán bó ṣe máa ń dúró de àwọn ìyàwó. Enelesi ti ilẹ̀kùn yẹn padà.

"Ẹ̀yìn wo? Ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi ni mo fẹ́ jókòó sí."

"Níbo ni ká lọ?"

"Ọ̀nà ọsibítù Thyolo."

Ọwọ́ Laston dúró lórí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀nà yẹn làwọn méjèèjì fẹsẹ̀ rìn nínú òjò nígbà tí ìrọbí Chifundo mú Enelesi, tí mọ́tò sì wà nínú gáréèjì òyìnbó. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn rí.

Ó wà á jẹ́jẹ́ láàárín oko tíì. Lábẹ́ igi kan, Enelesi ní kó dúró.

"Ibí ni mo ti kúnlẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò bèèrè mọ́tò lọ́wọ́ òyìnbó lọ́jọ́ náà."

"Èmi náà ò ní kẹ́ ẹ bèèrè. Ẹ̀rù ló ba àwa méjèèjì. Ọmọdé ni wá." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ ọkọ rẹ̀. "Apá tẹ́ ẹ fi dì mí mú lọ́jọ́ yẹn, òun ni mò ń rántí."

Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú ẹ̀pà bíbọ̀ jáde. Laston wo àga awọ pupa náà, ó gba ẹ̀pà, wọ́n jọ jẹ ẹ́. Èèpo dà sílẹ̀, kò ṣà á.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkùnrin Johannesburg gbé mọ́tò lọ. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí Laston ń jí ní kùtùkùtù, tí kò mọ ohun tí yóò fọwọ́ ṣe. Enelesi bá gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́, wọ́n jọ gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé. Tí wọ́n bá ń lọ kí Chifundo ní Zomba báyìí, bọ́ọ̀sì kékeré ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á fún mọ́ra wọn lórí àga kan. Bí dẹ́rẹ́bà bá tẹ búréèkì lójijì, Laston á pòṣé.

"Ẹ jẹ́ kó wà á," Enelesi á sọ, á sì gbórí lé e léjìká. "Ẹ sinmi, ọkọ mi."