Ojú Tí Bàbá Onítẹ̀wé Mọ̀

Bí mo bá rí ẹni tó fi ìka méjì ń fẹ fọ́tò lójú fóònù, bàbá onítẹ̀wé tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ní Bajulaiye ni mo máa ń rántí. Wọn á yọ awò ojú wọn, wọn á gbé fóònù súnmọ́ imú. "Ojú tí mo bá ti tẹ̀ rí, mi ò kì ń gbàgbé ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n ja obìnrin oní-POS kan lólè ní Onípánù, fídíò ọ̀kan nínú àwọn olè náà dé orí WhatsApp àdúgbò. Gbogbo wa di ọlọ́pàá. Bàbá fẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n ní, "Mo mọ ọmọ yìí. Mo ti gbé iṣẹ́ lọ sílé wọn rí, ní Pedro."

Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé irú iṣẹ́ wo. A kàn tẹ̀lé wọn lọ, à ń pariwo.

Ìyá àgbàlagbà kan ló ṣílẹ̀kùn, la bá ké mọ́ wọn pé, "Ọmọ yín dà? A rí i nínú fídíò!"

Lára ògiri lẹ́yìn ìyá, ọmọ náà ń wò wá láti inú pósítà ìsìnkú tí bàbá fúnra wọn tẹ̀.

Ìyá ò bínú. Wọ́n nawọ́ sí fóònù. "Ẹ rí i? Níbo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wò ó."

Wọ́n wò ó pẹ́. "Òun kọ́," ni wọ́n wí, bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, fọ́tò ọmọ tuntun pàápàá, bàbá kì í gbà á wò. "Bá mi wò ó," ni wọ́n máa ń sọ, wọn á sì yíjú sí ẹ̀rọ wọn.